Ìlérí Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Ìbámu Àfikún pẹ̀lú Oríṣiríṣi Ẹ̀dà Ibùdó Ìkọ̀wé Ètò Kọ̀ǹpútà



1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jìnnà sí òwe yìí. Ó dá lórí àlejò kan tí ó fẹ́ wọ ilé, ilé tí onílé ń tún kọ́ lọ́dọọdún, àti ìwé kékeré kan tí àlejò náà mú lọ́wọ́, tí a kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, ‘Mo lè gbé inú ilé yìí.’ Ìbéèrè wa ni pé: kí ni ìwé náà tó láti fi hàn? Báwo ni a ó sì ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀?

Ilé tí mo ń wí ni ibùdó ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà. Ètò kọ̀ǹpútà ni ibùdó náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni òǹkọ̀wé ètò ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: níbẹ̀ ni ó ti ń kọ àkọsílẹ̀, níbẹ̀ ni ó ti ń tú u sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, níbẹ̀ náà ni ó ti ń wá àṣìṣe rẹ̀ rí. Eclipse, IntelliJ IDEA àti Visual Studio Code wà lára àwọn tí a mọ̀ jù. Àlejò tí mo ń wí ni àfikún, èyí tí í ṣe ètò kékeré tí ẹlòmíràn kọ láti fi iṣẹ́ kan kún iṣẹ́ ibùdó. Àfikún kì í dá dúró. Bí a bá mú un kúrò nínú ibùdó, kò lè ṣe ohunkóhun. Ẹ̀dà ni mo ń pe ibùdó kan náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún jáde lábẹ́ nọ́ńbà tuntun.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín nìyí. Nọ́ńbà ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé àfikún kọ sínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ìlérí. Ìlérí dára, ṣùgbọ́n ìlérí kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí dá wà lọ́tọ̀. Ó ní ọ̀nà tí a fi ń wá a, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó bá fi ìlérí ṣe ẹ̀rí yóò ṣi àwọn ẹlòmíràn lọ́nà, ìyẹn àwọn tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ìwé rẹ̀.

2. Ìdí tí ilé kò fi dúró sójú kan

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí onílé kò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí àlejò lè ní ìsinmi. Meir Lehman ti fèsì sí irú ìbéèrè yìí láti 1974, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi wọ ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní Imperial College, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlàyé tí ó ṣe, tí ó sì tún mú gbòòrò ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ni pé ètò tí àwọn ènìyàn ń lò nínú ayé kò lè ṣàì yí padà. Bí a kò bá tún un ṣe, ìwúlò rẹ̀ yóò máa dín kù, nítorí pé ayé tí a kọ ọ́ fún kò dúró dè é. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. A ń ṣe ẹ̀rọ tuntun, èdè ìkọ̀wé ètò ń ní gbólóhùn tuntun, àwọn olè ń wá ihò tuntun. Ibùdó tí ó bá kọ̀ láti yí padà yóò di ahoro.

Ṣùgbọ́n ilé lè yí padà láì lé àlejò jáde, bí a bá mọ ibi tí ó yẹ kí àlejò máa gbà wọlé. Ní 1972, David Parnas kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣì ń kà títí di òní. Ó ní kí a pín ètò ńlá sí apá-apá, ní ọ̀nà tí apá kọ̀ọ̀kan yóò fi pa ìpinnu tí ó ṣeé ṣe kí a yí padà lọ́la mọ́ sínú ara rẹ̀, tí àwọn apá yòókù kò fi ní í mọ̀ nípa rẹ̀. Ní èdè ilé tí a ti ń lò bọ̀, ẹnu-ọ̀nà wà, iyàrá sì wà. Ẹnu-ọ̀nà ni onílé ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Ó ti ṣèlérí pé òun kò ní í dédé dí i. Iyàrá jẹ́ ti onílé nìkan. Ó lè gbé ibùsùn rẹ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní òru, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Àwọn tí ó kọ́ Eclipse tẹ̀ lé ìlànà yìí gbangba. IBM ni ó fi àkọsílẹ̀ Eclipse sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù kọkànlá ọdún 2001. Àjọ olómìnira tí ó ń bójú tó o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Nínú Eclipse, a máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà ‘internal’ sínú orúkọ gbogbo àká tí ó jẹ́ iyàrá. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ kò lè sọ pé òun kò rí i. Síbẹ̀, àlejò ń wọ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i láìpẹ́.

3. Ìbámu pín sí mẹ́ta

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń yẹ ìbámu wò, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ni ó bo ohun mẹ́ta mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àkọtọ́ èdè wa ṣe àpẹẹrẹ.

Gbogbo wa mọ̀ pé àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ kọ ‘aiye’, ‘enia’ àti ‘nwọn’, níbi tí àkọtọ́ tí ìgbìmọ̀ elétò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ní 1974 ti ní kí a kọ ‘ayé’, ‘ènìyàn’ àti ‘wọ́n’. Bí a bá gbé ìwé àtijọ́ fún ẹni tí ó gbọ́ èdè wa lónìí, yóò kà á láì fara pa. Ojú rẹ̀ rí ‘aiye’, ọkàn rẹ̀ gbọ́ ‘ayé’. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀rọ tí ó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àtòjọ kan, tí àtòjọ náà sì ní ‘ayé’ nìkan, ẹ̀rọ yóò ní òun kò mọ ‘aiye’ rí. Kò bìkítà pé ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Lẹ́tà ni ó ń wò.

Bí ọ̀rọ̀ àfikún ti rí gan-an nìyí. Ìbámu kìíní ni ti àkọsílẹ̀: bí a bá tún gbé àkọsílẹ̀ àfikún fún atúmọ̀ lórí ẹ̀dà tuntun, ṣé atúmọ̀ yóò gbà á? Ìbámu kejì ni ti ohun tí a ti tú sí èdè ẹ̀rọ: bí a kò bá tú u ní ìgbà kejì, tí a kàn gbé e bí ó ti wà sínú ẹ̀dà tuntun, ṣé gbogbo orúkọ tí ó ń pè ni yóò rí? Ìbámu kẹta ni ti ìwà: bí ó bá rí gbogbo orúkọ tí ó pè, ṣé ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí ó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀?

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ti kìíní àti ti kejì ni ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti inú èdè Java, tí a fi kọ Eclipse àti apá ńlá nínú IntelliJ IDEA. Ká ní ibùdó ní iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ‘getFiles’. Nínú ẹ̀dà àtijọ́, ohun tí ó ń dá padà ni a pè ní ‘Collection’, ìyẹn àkójọ lásán. Nínú ẹ̀dà tuntun, onílé yí i padà kí ó máa dá ‘List’ padà, ìyẹn àkójọ tí ó ní ètò àkọ́kọ́ àti ìkejì. Gbogbo ‘List’ ni ó jẹ́ ‘Collection’. Nítorí náà, bí a bá tún àkọsílẹ̀ tú, atúmọ̀ kò ní í rí àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n nínú èdè ẹ̀rọ tí Java ń lò, irú ohun tí iṣẹ́ kan ń dá padà wà lára orúkọ tí a fi ń pè é. Àfikún tí a ti tú tẹ́lẹ̀ yóò pe ‘getFiles’ tí ó ń dá ‘Collection’ padà, ibùdó yóò sì dáhùn pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí mọ́. ‘NoSuchMethodError’ ni ìdáhùn náà. ‘Aiye’ ni àlejò pè, ‘ayé’ ni ó wà nínú àtòjọ.

Kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ ni èyí. Orí kẹtàlá nínú ìwé òfin èdè Java, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1996, dá lórí ìbámu kejì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó to ohun tí onílé lè yí padà láì pa àlejò lára, ó sì to èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

4. Ìlérí: ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ àlejò. Gbogbo àfikún ni ó ní fáìlì ìjúwe, níbi tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti ń sọ ẹ̀dà tí àfikún bá mu. Bí ibùdó kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìlérí yìí yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ náà sì kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Láti ẹ̀dà 3.0, tí ó jáde ní 2004, ni Eclipse ti gbé ara rẹ̀ ka orí ìlànà OSGi. Nínú ìlànà yìí, a lè kọ ọ́ pé àfikún kan nílò apá kan láti [3.2.0,4.0.0). Àmì onígun tí ó wà níwájú túmọ̀ sí pé 3.2.0 wà nínú rẹ̀. Àkámọ́ tí ó wà lẹ́yìn túmọ̀ sí pé 4.0.0 kò sí nínú rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni a gbọ́dọ̀ yí bí onílé bá dí ẹnu-ọ̀nà kan. Nọ́ńbà kejì ni a ó yí bí ó bá ṣí ẹnu-ọ̀nà tuntun. Ẹ̀kẹta wà fún àtúnṣe kéékèèké.

Ní 2012, Eclipse tí àwọn ènìyàn ń lò bọ́ sí ẹ̀dà 4.2. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà lókèèrè yóò rò pé gbogbo àfikún tí ó kọ 4.0.0 gẹ́gẹ́ bí ààlà ni a lé síta lọ́jọ́ kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá tí ń jẹ́ ‘org.eclipse.ui’, tí ọ̀pọ̀ àfikún ń bá dòwò pọ̀, kò kúrò ní 3. Ilé gba orúkọ tuntun, ẹnu-ọ̀nà sì di orúkọ rẹ̀ àtijọ́ mú. Àwọn onílé tún kọ́ afárá kan tí yóò máa gbé àwọn àfikún àtijọ́ dé inú ilé tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń gba ẹnu-ọ̀nà wọlé ni a kọ́ afárá náà fún. A kò ṣèlérí kankan fún ẹni tí ó ti ń sùn ní iyàrá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà ọjà yàtọ̀ sí nọ́ńbà apá. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò lé àlejò tí ó yẹ kí ó wọlé, yóò sì gba èyí tí kò yẹ.

IntelliJ IDEA, tí JetBrains kọ́kọ́ gbé jáde ní 2001, ń ka ilé fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 241 dúró fún ẹ̀dà àkọ́kọ́ ọdún 2024, 242 dúró fún ìkejì. Òǹkọ̀wé àfikún a máa kọ ‘since-build’ fún ààlà ìsàlẹ̀ àti ‘until-build’ fún ààlà òkè. Bí kò bá kọ ààlà òkè, ibùdó yóò gbà pé àfikún náà bá gbogbo ẹ̀dà tí ń bọ̀ mu, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́.

Visual Studio Code, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ń lo irú gbólóhùn bíi ‘^1.90.0’, tí ó túmọ̀ sí láti 1.90.0 títí dé ẹnu 2.0.0. Títí di ọdún 2025, nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò ní 1. Nítorí náà, ààlà òkè wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì dá ẹnikẹ́ni dúró. Erich Gamma, tí ó wà lára àwọn tí ó darí iṣẹ́ Eclipse, ni ó darí iṣẹ́ Visual Studio Code náà. Nínú ilé kejì yìí, a kì í jẹ́ kí àlejò bá onílé gbé iyàrá kan náà: inú ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ tí ó dá wà lọ́tọ̀ ni àwọn àfikún ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu-ọ̀nà tí a là sílẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbà. Àwọn ẹnu-ọ̀nà tí a ṣì ń dán wò wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a kì í gba àfikún tí ó ń lò wọ́n láàyè ní ọjà gbangba.

Ọ̀rọ̀ ààlà òkè dà bí ìlù gángan: bí ó ti kọjú sí ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ ni ó kẹ̀yìn sí ẹlòmíràn. Òǹkọ̀wé tí ó bá fi ààlà òkè há mọ́ra ń sọ òótọ́, nítorí pé kò tíì dán ẹ̀dà ọ̀la wò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, àwọn tí ó ń lo àfikún rẹ̀ yóò bá ilẹ̀kùn ní títì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Òǹkọ̀wé tí ó bá ṣí ààlà sílẹ̀ gbayawu ń ṣàánú àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń ṣèlérí ohun tí kò rí. Kò sí èyí tí nọ́ńbà nìkan lè yanjú nínú méjèèjì.

5. Ẹ̀rí: ohun tí àyẹ̀wò ń fi hàn

Ìwádìí wà tí ó fi hàn pé ìlérí àti ìwà kì í sábà rìn pọ̀. John Businge, Alexander Serebrenik àti Mark van den Brand, ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Eindhoven ní Netherlands, yẹ àwọn àfikún Eclipse tí àwọn ará ìta kọ wò. Nínú 512 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lo iyàrá. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 2012, wọ́n wo àfikún 467, tí ẹ̀dà wọn lápapọ̀ jẹ́ 1,447. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó ń gba ẹnu-ọ̀nà nìkan ni àkọsílẹ̀ wọn ń bá ẹ̀dà tuntun mu jù. Àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ kan sí iyàrá kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òǹkọ̀wé àfikún kò lè fi ojú lásán mọ gbogbo ohun tí ètò rẹ̀ ń pè, pàápàá bí ó bá yá iṣẹ́ ẹlòmíràn lò. Ìdí nìyí tí a fi ṣe ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Láti ẹ̀dà 3.4, tí ó jáde ní 2008, ni Eclipse ti ní ohun èlò tí ó ń fi ẹnu-ọ̀nà ẹ̀dà kan wé ti èkejì, kí onílé fúnra rẹ̀ lè mọ̀ bí ó bá ti dí ibì kan láìmọ̀. JetBrains ní Plugin Verifier. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé: a ó gbé àfikún tí a ti tú àti ẹ̀dà ibùdó kan fún un; yóò ka gbogbo orúkọ tí àfikún ń pè, ìkọ̀ọ̀kan, yóò sì wá a nínú ẹ̀dà náà. Èyí tí kò bá rí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ iyàrá, yóò sọ. Èyí tí onílé ti fi àmì sí pé òun yóò mú kúrò láìpẹ́, yóò kìlọ̀ rẹ̀. Ọjà àfikún JetBrains náà a máa fi í yẹ àfikún tí a bá gbé wá síbẹ̀ wò.

Ẹ kíyè sí i pé ìbámu kejì ni ẹ̀rọ yìí ń yẹ̀ wò. Ó jẹ́ ẹ̀rí tòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè rí orúkọ tí àfikún ń kó jọ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé orúkọ náà kò tíì sí ní ìgbà àyẹ̀wò. Bákan náà ni kò lè mọ̀ bí ìwà bá yí padà. Bí iṣẹ́ kan bá ń dá nọ́ńbà padà láti òdo tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ení nísinsìnyí, orúkọ rẹ̀ kò yí, irú ohun tí ó ń dá padà kò yí, ẹ̀rọ ayẹ̀wò yóò sì ní kò séwu. Ewu ń bẹ níbẹ̀. Ìdánwò nìkan, ìyẹn kí a tan ibùdó, kí a sì lo àfikún nínú rẹ̀ ní tòótọ́, ni ó lè fi ìbámu kẹta hàn.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú máa ń fò. Ibùdó kì í dá dúró. Òun náà gùn orí nǹkan. Láti ẹ̀dà 2024.2 ni IntelliJ IDEA ti ń béèrè Java 21. Àfikún tí a bá tú fún Java 21 kò lè ṣiṣẹ́ nínú ibùdó àtijọ́ tí Java rẹ̀ kéré sí i, bí gbogbo ẹnu-ọ̀nà tilẹ̀ wà níbi tí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní 2019.2, JetBrains yọ iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ èdè Java kúrò nínú ìpìlẹ̀ IntelliJ, wọ́n sì sọ ọ́ di àfikún tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí àfikún rẹ̀ ń lò ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì ìjúwe pé òun nílò ‘com.intellij.modules.java’. Ẹni tí kò kọ ọ́ pe orúkọ tí ó wà nílé, ilé kò sì dá a lóhùn, nítorí pé kò béèrè fún un.

6. Ẹni tí ẹrù yìí kàn

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Onílé kò lè dán gbogbo àfikún wò. Òǹkọ̀wé àfikún kò sì lè dá ilé dúró kí ó má yí padà. Olúkúlùkù ní ipa tirẹ̀.

Ipa onílé ni kí ó sọ ibi tí ẹnu-ọ̀nà wà àti ibi tí iyàrá wà, kí ó fi àmì ìkìlọ̀ sára ẹnu-ọ̀nà kí ó tó dí i, kí ó sì fún àlejò ní ìgbà tí ó tó láti wá ọ̀nà mìíràn. Ó tún yẹ kí ó mọ̀ pé ìgbà púpọ̀ ni àlejò ń wọ iyàrá nítorí pé kò sí ẹnu-ọ̀nà tí ó lọ sí ibi tí ó ń lọ. Kí ó tó bínú sí i, kí ó béèrè ohun tí ó wá síbẹ̀.

Ipa òǹkọ̀wé àfikún pọ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú yàrá yìí tí ó kọ àfikún tí ó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ó sì fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ láti ẹ̀dà 231 títí dé 251. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó fi ẹ̀dà tí ó kéré jù, ìyẹn 231, tú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá fi 251 tú u, ó lè pe ẹnu-ọ̀nà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí láìmọ̀, atúmọ̀ rẹ̀ kò sì ní í kìlọ̀. Ohun kejì ni kí ó fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò yẹ gbogbo ẹ̀dà tí ó wà láàárín ààlà méjèèjì wò, kì í ṣe ẹ̀dà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan. Ohun kẹta ni kí ó tan ibùdó, kí ó sì dán àfikún wò nínú ẹ̀dà tí ó kéré jù àti èyí tí ó dé kẹ́yìn. Ohun kẹrin ni kí ó tún àyẹ̀wò náà ṣe nígbà tí ẹ̀dà ìdánwò tuntun bá jáde, kí ó tó di pé ti gbogbo ènìyàn jáde. Ohun karùn-ún, kí ó kọ ààlà tí ẹ̀rí rẹ̀ dé, kí ó má kọ èyí tí ìrètí rẹ̀ dé.

Ẹnìkan lè sọ pé wàhálà yìí pọ̀ jù fún ètò kékeré tí a kò gba kọ́bọ̀ lé lórí. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó wà ní òpin okùn náà. Bí kọ̀ǹpútà 20 bá wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, tí ìdajì wọn ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè gbé ẹ̀dà tuntun, ààlà ìsàlẹ̀ tí òǹkọ̀wé kan gbé sókè láìnídìí yóò yọ akẹ́kọ̀ọ́ 10 sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó rẹ ààlà náà sílẹ̀ láì dán an wò, àwọn 10 náà yóò gbé àfikún sórí ẹ̀rọ wọn, yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́, wọn yóò sì rò pé àwọn ni wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí ni ó burú jù. Ìlérí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ a máa sọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ di ẹni tí ó ń ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀. Ẹni tí ó ra data láti gba fáìlì náà sórí ẹ̀rọ ti pàdánù owó. Ẹni tí ó ti rò pé òun kò lọ́pọlọ ti pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Ìparí

Alága, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìbámu tí à ń fi ẹnu kan pè jẹ́ mẹ́ta: ti àkọsílẹ̀, ti èdè ẹ̀rọ, àti ti ìwà. Nọ́ńbà ẹ̀dà ń ṣèlérí nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kò fi ìdí ọ̀kankan múlẹ̀. Atúmọ̀ ń jẹ́rìí sí ti kìíní, ẹ̀rọ ayẹ̀wò ń jẹ́rìí sí ti kejì, ìdánwò nìkan ni ó ń jẹ́rìí sí ti kẹta. Kò sì sí ẹlẹ́rìí kan nínú wọn tí ó lè gba ipò èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan. Ibi gbogbo tí iṣẹ́ ẹnìkan bá ti dúró lé iṣẹ́ ẹlòmíràn tí ń yí padà, irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó kọ àfikún lọ́la, ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kan sínú fáìlì yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé, ‘Ta ni ó jẹ́rìí sí i?’ Bí ẹ kò bá rí ẹlẹ́rìí, ẹ lọ wá a kí ẹ tó tẹ iṣẹ́ yín jáde.